Àròkọ Alálàyé: Ìwà Tó Ṣàjèjì Lára Ológbò Ilé

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Àròkọ alálàyé ni èyí tí a fi ń la ohun kan yé ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí olùdánwò ń wá nínú rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń sọ, kí ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì sọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn ń sọ pé ‘ológbò dára, ológbò wúlò’ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tíì ṣe àlàyé kankan. Àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí gùn ju ohun tí a ń retí nínú ìdánwò lọ; a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí o lè rí kókó púpọ̀ ṣà níbẹ̀.

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣe àlàyé àwọn ohun tó máa ń fa ìwà àjèjì lára ológbò tí à ń sìn nílé, kí o sì sọ ohun tó yẹ kí onílé ṣe.

ÌLAPA ÈRÒ

(a) Ìfáárà: ìdí tí a fi ń sin ológbò, àti èrò àwọn ènìyàn nípa rẹ̀.
(b) Ìwà tó jọ àjèjì ṣùgbọ́n tó jẹ́ àdámọ́ ológbò.
(d) Ìwà tí ìyípadà inú ilé tàbí àdúgbò ń fà.
(e) Ìwà tó jẹ́ àmì àìsàn.
(ẹ) Májèlé àti oògùn tí kò yẹ.
(f) Àrùn digbòlugi.
(g) Ohun tó yẹ kí onílé ṣe, àti ìkádìí.

ÀRÒKỌ NÁÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ológbò kò sí nílé, ilé di ilé èkúté. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ibi tí èrò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ a máa pọ̀, ìdọ̀tí a máa pọ̀, èkúté náà a sì máa pọ̀. Àwọn tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Ìkọ̀tún mọ bí eku ti ń lu àpò. Àwọn ará Ìgàndó tí ilé wọn kò jìnnà sí ààtàn ńlá tí à ń pè ní Solous mọ bí wọ́n ti ń sáré lókè àjà lóru. Àwọn ayálégbé inú ilé alájọgbé ní Ẹgbẹ́dá, tí ìdílé mẹ́wàá ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo, mọ̀ pé oúnjẹ tí a kò dé kì í di òwúrọ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sin ológbò.

Ṣùgbọ́n bí a ti nílò ológbò tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ó bá ké lóru, a ní àjẹ́ ni. Bí ó bá tẹjú mọ́ ògiri, a ní ó rí òkú ọ̀run. Bí ó bá jẹ́ dúdú, ọ̀rọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn kan a sọ ọ́ ní òkúta, àwọn mìíràn a da omi gbígbóná sí i lára. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1233, Póòpù Gregory Kẹsàn-án kọ ìwé kan sí àwọn olórí ìjọ ní Jámánì, nínú èyí tí ológbò dúdú ti jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àwọn abọ̀ṣàtánì ń bọ. Bẹ́ẹ̀, ní Íjíbítì àtijọ́, ológbò níyì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú rẹ̀ bí òkú ènìyàn. Ológbò kan náà ni. Ojú tí a fi ń wò ó ló yàtọ̀.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kò sí ìwà tí ológbò ń hù tí kò nídìí. Bí a bá mọ ìdí náà, a ó mọ èyí tó yẹ kí a rẹ́rìn-ín sí, èyí tó yẹ kí a tọ́jú, àti èyí tó yẹ kí a sá fún.

Ohun kìíní tó yẹ kí á mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú ìwà tí a ń pè ní àjèjì jẹ́ àdámọ́ ológbò. Ẹ jẹ́ kí á mú títẹjú mọ́ ògiri gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ọ̀kẹ́ kan (20,000) ìgbà lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ológbò ń gbọ́ èyí tó ju ọ̀kẹ́ mẹ́ta (60,000) lọ. Ìró tín-ín-rín tí àwọn ọmọ èkúté fi ń pe ìyá wọn nínú ihò wà lára èyí tí etí tiwa kò lè gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ológbò bá dúró gbagidi níwájú ògiri, tó ń yí etí síwá sẹ́yìn, kì í ṣe iwin ni ó ń wò. Oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Bákan náà ni ojú rẹ̀ tó ń tàn nínú òkùnkùn: awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kí ó lè ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ojú ewúrẹ́ àti ojú màlúù náà ń tàn bẹ́ẹ̀, a kò sì pe ìyẹn ní àjẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, ológbò a máa sùn tó wákàtí méjìlá sí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni ara rẹ̀ ń yá jù, nítorí pé àkókò náà ni eku ń jáde. Ẹni tó bá rí i tó ń sáré kiri pálọ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí kò gbọdọ̀ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Bí ó bá ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ aṣọ tàbí itan ènìyàn bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ìwà ìgbà ọmú ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń tẹ ọmú ìyá rẹ̀ kí wàrà lè sun. Bí ó bá gbóòórùn nǹkan tó sì la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí ẹnu yà, ihò kan wà ní àjà ẹnu rẹ̀ tí ó tún fi ń yẹ òórùn wò. Bí ó bá sì gbé òkú eku wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò fi ṣe àrokò fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ni ó gbé ẹran ọdẹ rẹ̀ wá. Kìkì pé kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán kó eku náà, nítorí ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní apá Bọ̀nú, láti ara eku ni ó ti ń ran ènìyàn.

Igbe òru ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù lọ. Ó máa ń dún bí ẹkún ọmọ ọwọ́, ó sì lè gba ọjọ́ bí i méje. Abo ológbò tó ń wá akọ ni ó ń ké bẹ́ẹ̀. Láti bí ọmọ oṣù mẹ́fà ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀. A ó rí i tí yóò máa yí ara mọ́ ilẹ̀, tí yóò máa fi ara nu ẹsẹ̀ àga, tí yóò sì gbé ìdí sókè. Bí kò bá rí akọ, igbe náà yóò tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìgbà tí ọ̀sán bá gùn ni èyí ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó, níbi tí ọ̀sán àti òru kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ jálẹ̀ ọdún, kò sí oṣù tí a kò lè gbọ́ ọ. Àwọn akọ tó bá gbọ́ igbe náà yóò péjọ sórí ọgbà, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ akọ àti abo lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọmọ dé. Bí ìyá wọn bá sì ń fi ẹnu gbé wọn kiri láti abẹ́ ibùsùn lọ sínú páálí, ènìyàn ti yọjú wò wọ́n jù ni, ó sì ń wá ibi ìpamọ́ tó láàbò.

Ohun kejì tó ń fa ìwà àjèjì ni ìyípadà. Ológbò fẹ́ràn kí ohun gbogbo wà bí ó ti wà. Bí a bá kó kúrò ní Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìgàndó, ó lè má jẹun fún ọjọ́ kan, ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lè sá padà lọ wá ilé àtijọ́. Ẹni tó gbọ́n yóò tì í mọ́ yàrá kan fún ìgbà díẹ̀ títí yóò fi mọ òórùn ilé tuntun náà. Bí a bá bí ọmọ tuntun, tàbí bí aládùúgbò bá mú ológbò mìíràn wá, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára aṣọ fèrèsé àti ìdí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́: òórùn ìtọ̀ ni ó fi ń sàmì sí ààlà rẹ̀, bí àgbẹ̀ ti ń gbin pèrègún sí ààlà oko. Ariwo pẹ̀lú ń ṣe é. Nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń yin nọ́káòtù ní gbogbo òpópónà, etí tó ń gbọ́ ìpè ọmọ èkúté kò lè gbádùn. Kí a jẹ́ kí ó ní ibi òkùnkùn tí yóò sá sí, kí a má sì fi ipá fà á jáde.

Ohun kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì ju méjì ìṣáájú lọ, ni àìsàn. Ẹran ọdẹ ni ológbò, ṣùgbọ́n ajá àti ẹranko mìíràn lè pa òun náà. Nítorí èyí, kì í fẹ́ kí a mọ̀ pé ara òun kò le. Kì í ké bí ajá. Ńṣe ni yóò dákẹ́. Ológbò tó ti ń bá ènìyàn ṣeré, tó wá ń dá jókòó sí kọ̀rọ̀, tí kò fi ahọ́n nu ara rẹ̀ mọ́, tí irun rẹ̀ sì rí wúruwùru, ara rẹ̀ kò yá. Kódà ìró hun-un-hun-un tó ń ti ọ̀fun rẹ̀ jáde, tí a mọ̀ sí àmì ìgbádùn, ó lè máa dún nígbà tí ìrora bá pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ ni ó ń wọ inú iyanrìn ìtọ̀ rẹ̀ léraléra, tó ń fún ara, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì jáde, kí a má ṣe sọ pé inú ló ń kún un. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ìdọ̀tí tó yẹ kí ó bá ìtọ̀ jáde lè pa á. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko.

Májèlé ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Kì í ṣe gbogbo onílé ló ní ológbò; àwọn mìíràn ń fi oògùn pa eku. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè jẹ májèlé pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn olómi tí à ń pè ní ọ̀tápiápiá tún wà, èyí tí dichlorvos máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ta sí ológbò lára, tó sì fi ahọ́n nu ara rẹ̀, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò máa ṣubú, mímí yóò sì nira fún un. Àwọn kan a ní aráyé ló ṣe é. Oògùn eku ló ṣe é. Ewu rẹ̀ fún ènìyàn náà ni ó mú kí àjọ NAFDAC fòfin de títa irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú ìgò kéékèèké ní ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ a máa sáré da epo pupa sí ológbò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Kí a jáwọ́ nínú èyí: epo kì í pa májèlé yìí, ó sì lè gba ọ̀nà òfun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ tàbí láílọ́ọ̀nù, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ oògùn náà kúrò lára rẹ̀, kí a mú ìgò oògùn náà dání, kí a sì máa lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Oògùn ènìyàn náà lè pa á. Paracetamol tí à ń lò fún orí fífọ́, hóró kan ṣoṣo tó láti pa ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti yí i padà.

Èyí tó kẹ́yìn ni ó burú jù: àrùn digbòlugi. Ara ajá ni a ti mọ̀ ọ́n jù, láti ara ajá sì ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn tó ń kó o ti ń kó o. Ṣùgbọ́n ológbò tí ajá bẹ́ẹ̀ bá gé jẹ lè kó o pẹ̀lú. Ológbò jẹ́jẹ́ yóò ṣàdédé máa kọlu ènìyàn láìnídìí, ohùn rẹ̀ yóò yí padà, itọ́ yóò máa dà, kò ní lè gbé omi mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ, yóò sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé dída itọ́ àti ṣíṣubú jọ ti májèlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán gbá irú ológbò bẹ́ẹ̀ mú. Bí ó bá ti gé ènìyàn jẹ tàbí tó fi èékánná ya á, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a má fi epo tàbí àgúnmu dí i, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó, kò jìnnà sí àwọn ará agbègbè náà. Abẹ́rẹ́ tí Louis Pasteur kọ́kọ́ fi gba ọmọdékùnrin kan là ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1885 ti dára sí i gan-an lónìí, ṣùgbọ́n kí àmì àrùn tó hàn ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí àmì bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Ọmọ tí ológbò gé jẹ, tó sì fi í pamọ́ nítorí pé ó ń bẹ̀rù ẹgba, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Kí òbí jẹ́ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀.

Kí wá ni ó yẹ kí onílé ṣe? Igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ìwà ológbò bá yí padà, kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Èkejì, ǹjẹ́ ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń tọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá? Ẹ̀kẹta, kí ni ó yí padà nínú ilé tàbí ní àdúgbò? Bí ó bá ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń tọ̀, sùúrù ló yẹ. Bí kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ kan, tàbí tí kò lè tọ̀, oníṣègùn ẹranko ló yẹ. Kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi fún un nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí a sì tún un gbà bí oníṣègùn bá ti là á sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ igbe òru àti ọmọ púpọ̀ lè ní kí oníṣègùn tẹ akọ lọ́dàá tàbí kí ó yọ ilé ọmọ abo. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ èkúté fún àdúgbò, kí aládùúgbò pẹ̀lú sọ fún un kí ó tó tẹ́ oògùn eku sílẹ̀.

Ní ìparí, ológbò kò lè sọ̀rọ̀, ìwà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó pè é ní àjẹ́, tó sì pa á nítorí pé ó ké, ó ti pa ọlọ́dẹ ilé rẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí kò mọ̀dí. Ẹni tí kò bìkítà nígbà tí ológbò tirẹ̀ ń da itọ́ tó sì ń gé ènìyàn jẹ, ó fi ẹ̀mí àwọn ọmọ àdúgbò wewu. Àárín méjèèjì ni ọgbọ́n wà: kí á fara balẹ̀ wò ó, kí á wá ìdí rẹ̀, kí á tó gbé ìgbésẹ̀.

ÀKÍYÈSÍ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Wo bí a ti to àwọn ìdí náà: èyí tí kò léwu ló ṣáájú, èyí tó lè pa ènìyàn ló kẹ́yìn. Ètò yìí ń mú kí òǹkàwé máa tẹ̀ lé wa.

2. Òwe mẹ́ta péré ni a lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da òwe mẹ́wàá sínú àròkọ kan láìnídìí kò ní gba máàkì kún máàkì.

3. Kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ tó so ìpínrọ̀ pọ̀: ṣùgbọ́n, ẹ̀wẹ̀, ohun kejì, nítorí náà, ní ìparí. Má ṣe lo ‘ẹ̀wẹ̀’ ní gbogbo ìpínrọ̀.

4. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn, a kò bú wọn. A sọ ohun tí wọ́n ń sọ, a sì fi ìdí tòótọ́ hàn. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kọ ìlapa èrò fún méjì nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o sì kọ àròkọ lórí ọ̀kan:

(a) Ìdí tí ajá fi ń gbó lóru.
(b) Bí a ṣe lè dín èkúté kù ní àdúgbò láìlo májèlé.
(d) Àwọn àmì tí a fi ń mọ̀ pé ara adìyẹ kò yá.
(e) Ohun tó yẹ kí a ṣe bí ẹranko bá gé ènìyàn jẹ.